Asẹlérétọ̀ Ìjàpá tó ń há: ẹ má tíì náwó lórí kabúrétọ̀

Màmá kan tó ń wa Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, ní Ìpẹru ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìpẹru ni mò ń gbé. Ìjàpá tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ ni mò ń wà, ti 1978, òun ni mo fi ń lọ ọjà ní Ṣágámù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, tí mo bá ti wà á títí tó gbóná, tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí asẹlérétọ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní wálẹ̀, á ṣáà máa réésì. Nígbà míì tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á wálẹ̀, nígbà míì kò ní gbọ́. Mẹkáníìkì mi fi sípírìn kejì sí i, ó dáa fúngbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá gé rọ́bà inú táyà, ó fi so ó. Ní báyìí ó ní kabúrétọ̀ ló ti kú, kí n lọ wá owó tí màá fi ra tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè máa wà á lọ bẹ́ẹ̀ kí n tó rówó?”

Mọ́mì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn: rárá mà, ẹ má wà á mọ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé títí ẹ máa fi rí ohun tó ń dì í mú. Họ́ọ̀nù tí ò dún, èèyàn lè fara dà á dọjọ́ tí owó bá wọlé, ṣùgbọ́n asẹlérétọ̀ tó ń há, ọjọ́ tó bá há lójú ọ̀nà Ṣágámù, níbi tí tírélà ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kadà kan sì já síwájú yín lójijì, ìyẹn ò ní dúró bi yín bóyá ẹ ti rówó.

Bó bá wá jẹ́ pé ó há mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó ṣe é, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀ pátápátá, ẹ́ńjìnnì ò ní lè fa táyà mọ́, á kàn máa ké ni. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ò fẹ́ irú igbe yẹn kó pẹ́, torí náà lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ pa á. Pípa ni mo wí o, ẹ má fà á yọ, torí tẹ́ ẹ bá fà á yọ sítíárìn lè lọ́ọ̀kì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn máa dá sílẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn láti pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn, wọ́n ti gbọ́ pé bíréèkì á le gan-an, kò ní ṣeé tẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ti àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ran bíréèkì wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ti Ìjàpá, agbára ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń lò, sítíárìn ẹ̀ náà ò ní páwà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, bíréèkì yín ṣì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kẹ́ ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ fa pẹ́dà sókè, kò ní ràn yín lọ́wọ́, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ báyìí.

Ẹ wò ó, pẹ́dà wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Kébù tó so wọ́n pọ̀ gùn ju mítà 2 ààbọ̀ lọ. Látẹsẹ̀ pẹ́dà, ó wọ inú páìpù kékeré kan tó gba abẹ́ ibi tó ga láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, níbi tí líbà jíà dúró sí, ó jáde lẹ́bàá jíàbọ́ọ̀sì, ó tún wọ inú páìpù míì tó la ilé fáànù kọjá, kó tó wá dé apá irin kékeré kan lára kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Apá yẹn ló ń yí ṣáfítì, ṣáfítì yẹn ló ń ṣí ewé irin róbótó tó dí ọ̀nà ọ̀fun kabúrétọ̀. Ewé yẹn ṣí, afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ẹ́ńjìnnì ké. Ó padé, ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ sí sílóò, ìyẹn bó ṣe ń ké jẹ́ẹ́ tí ẹsẹ̀ ò bá sí lórí asẹlérétọ̀.

Àmọ́ kébù, fífà nìkan ló mọ̀. Okùn kànga ni ẹ fi wé, ẹ lè fi fa bọ́kẹ́ẹ̀tì gòkè ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi tì í sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífa pẹ́dà sókè ò fi wúlò. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò sóhun tó ń pa ewé yẹn dé àfi sípírìn. Sípírìn kékeré yẹn ló máa pa ewé dé, òun náà ló máa fa gbogbo kébù gígùn yẹn padà, òun náà ló máa gbé pẹ́dà sókè. Níbi yòówù kí nǹkan ti há lójú ọ̀nà yẹn, ì báà jẹ́ iwájú ì báà jẹ́ ẹ̀yìn, ohun kan náà ni ẹ máa gbọ́ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí: ẹ́ńjìnnì ò wálẹ̀. Mẹkáníìkì wá ṣí ẹ̀yìn, kabúrétọ̀ lojú ẹ̀ kọ́kọ́ rí, kabúrétọ̀ náà ló dá lẹ́bi. Mi ò sọ pé olè ni o. Ṣùgbọ́n kò tíì wádìí, ẹni tí ò sì tíì wádìí ò gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ náwó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wádìí rèé, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ní láti wà ní pípa, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, jíà ní fíríì, ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ sì fi òkúta dí táyà. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ jókòó síwájú kó máa tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó sì máa jọ̀wọ́ ẹ̀ lójijì. Ẹ̀yin ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹjú mọ́ apá tí kébù wọ̀ yẹn. Ó yẹ kó padà lẹ́ẹ̀kan náà, kó dún “tá” níbi tó ti ń dúró. Tó bá rọra ń wọ́ bọ̀ tàbí ó dúró lágbedeméjì, ẹ ti fojú rí i nìyẹn.

Ìgbà yẹn lẹ wá máa ya wọ́n sọ́tọ̀. Kébù wọ inú irin kékeré kan lórí apá yẹn, síkúrú kan ló dè é mú. Ẹ fi sípánà 8 di irin náà mú kó má yí, ẹ fi síkúrúdíráfà tú síkúrú ẹ̀, kébù á yọ. Ẹ tú sípírìn kejì yẹn náà kúrò, ẹ tú rọ́bà táyà yẹn dànù, ẹ fi sípírìn tí kabúrétọ̀ bá wá nìkan sílẹ̀. Ẹ wá fi ìka ti apá náà ṣí dé òpin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Ẹ tún ṣí i dé ìdajì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Ẹ ṣí i díẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Tó bá ń padà gbáà láti gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti jọ̀wọ́ ẹ̀, kabúrétọ̀ yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ fowó yín sápò, inú kébù tàbí lẹ́sẹ̀ pẹ́dà ni wàhálà wà. Tó bá há síbẹ̀ láìsí kébù lára ẹ̀, ọ̀dọ̀ kabúrétọ̀ ló wà, ìyẹn náà ò sì túmọ̀ sí pé ó ti kú.

Ẹ sọ pé tó bá gbóná ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan: nínú Ìpẹru, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, báwo lẹ ṣe ń tẹ asẹlérétọ̀ jinlẹ̀ tó? Mo rò pé díẹ̀ ni. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá jáde sọ́nà Ṣágámù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìgbà yẹn náà sì ni ọkọ̀ ti ń gbóná. Nítorí náà ó lè má jẹ́ gbígbóná rárá, kó jẹ́ jíjìn tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ni. Kébù tí okùn ẹ̀ kan ti já, tó rú síta, á máa lọ á máa bọ̀ wẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀, okùn tó rú yẹn á wọ ẹnu páìpù, á fi kọ́ ibẹ̀, kò ní padà mọ́. Nítorí náà láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí mo sọ yẹn, ẹ rí i pé ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tan ọkọ̀ sílẹ̀ níta gbangba kó gbóná, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín o, irin ẹ̀yìn yẹn á ti gbóná. Tó bá há nígbà tó tutù, ẹ yé ronú nípa gbígbóná.

Ká ní ọ̀dọ̀ kébù ló wà. Iwájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Pẹ́dà Ìjàpá kì í rọ̀ látòkè bíi tàwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, ilẹ̀ ló ti yọ, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó bá ti ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ìdí ẹ̀ ló ń kó sí. Àwa tí à ń gbé Rẹ́mọ mọ iyẹ̀pẹ̀ wa, pupa ni, tí òjò bá rọ̀ á di amọ̀, tó bá gbẹ á le koko. Ẹ gbé rọ́gì ilẹ̀ kúrò pátápátá, pàápàá tó bá jẹ́ rọ́gì tí wọ́n gé ní ọjà tí kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ náà, mo ti rí èyí tí etí ẹ̀ gun orí pẹ́dà, tí wọ́n ti tú kabúrétọ̀ palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdí pẹ́dà, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ibi tó ti ń ṣẹ́ po, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí tó fi máa rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan di orí kébù tẹ́ ẹ tú lẹ́yìn yẹn mú, kó máa fà á rọra bí ọmọ yẹn ṣe ń tẹ pẹ́dà tó ń jọ̀wọ́ ẹ̀. Ọwọ́ máa sọ fún un. Kébù tó dáa á máa yọ̀ wọlé. Èyí tó ti dípẹtà á máa họ, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú ẹ̀. Èyí tí okùn ẹ̀ já á kàn dúró lójijì níbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ibi méjì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò jù: ibi tó ti jáde lẹ́bàá jíàbọ́ọ̀sì, rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi àti ẹrẹ̀ wọ páìpù, rọ́bà yẹn máa ń ya, àwọn tó ń tún un ṣe kì í sì í dá a padà, ìkejì ni páìpù inú ilé fáànù. Ẹ dákun ẹ wò ó dáadáa, torí tí wọ́n bá ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ rí, páìpù yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí kò wọlé tán, kébù á máa ha irin ilé fáànù fúnra ẹ̀, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí okùn á fi máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ra kébù tuntun mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, tí páìpù yẹn ò bá sí níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa já.

Tó bá di pé kébù lẹ fẹ́ rà, ẹ mú ti àtijọ́ dání, kẹ́ ẹ na méjèèjì sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Gígùn wọn ò dọ́gba, bí ọdún ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ ni kébù ṣe yàtọ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì títì, ọ̀pọ̀ èyí tó wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà, kébù tirẹ̀ ò sì bá ti yín mu. Tiyín tó jẹ́ 1978, bóyá ọ̀kan nínú àwọn tí iléeṣẹ́ Volkswagen tò ní Èkó ni, torí 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ Èkó lè bá yín yà sí Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Kébù ò wọ́n rárá tẹ́ ẹ bá fi wé owó kabúrétọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fi í wọlé láti iwájú, kí wọ́n fi gírísì ra á, kí wọ́n rọra tì í, kí wọ́n má fi píláyà tẹ ara ẹ̀ ní ibì kankan, torí ibi tó bá ti ṣẹ́ kò ní nà mọ́, ibẹ̀ náà ló máa ti há lọ́la.

Ó ku ti kabúrétọ̀. Kò pọndandan kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ yọ ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lórí ẹ̀ kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun. Ewé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí lókè, ti ṣóòkù nìyẹn, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni ewé tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń lọ, tó ń dúró sílé ọjọ́ púpọ̀, epo inú kabúrétọ̀ á máa fẹ́ lọ, á wá fi nǹkan dúdú kan sílẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Etí ewé àti ẹnu ibi tí ṣáfítì ti wọlé ló ń lẹ̀ mọ́. Tó bá sì jẹ́ irú fílítà tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni tiyín, ẹ ṣí i wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ń bá a gbẹ, kò sí ọ́ìlì kankan níbẹ̀ mọ́. Tó bá ti gbẹ, gbogbo eruku ọyẹ́ ló ń wọlé, tí eruku bá pàdé gọ́ọ̀mù yẹn, ó tán. Kí wọ́n ra súpírè tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, kí wọ́n fọ́n ọn sí orí ṣáfítì méjèèjì látìta, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ etí ewé, kí wọ́n máa ṣí i kí wọ́n máa pa á dé bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, kí wọ́n yọ bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú, ibí yìí ló ti ń jí.

Tó bá mọ́ tán kí wọ́n kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ẹyọ kan sí orí ṣáfítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tó. Kí wọ́n má fi gírísì síbẹ̀ o! Inú páìpù ni gírísì dáa, ìta gbangba báyìí eruku wa á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa lọ irin bí ẹ ò ṣe fẹ́. Kẹ́ni kẹ́ni má sì fi òróró ẹ̀gúsí tàbí epo pupa síbẹ̀, mi ò fi ṣeré, mo mọ ẹni tó ṣe é.

Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tó ṣì ń há, nǹkan mẹ́ta ló kù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó de kabúrétọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ tún fìka ti apá yẹn. Tó bá di pé ó ń lọ wẹ́rẹ́, wọ́n ti de nọ́ọ̀tì yẹn jù ni, ìdí kabúrétọ̀ ti tẹ̀, ó ń fún ewé lọ́fun. Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì tó tẹ́jú, wọ́n á máa ra ìdí ẹ̀ lórí ẹ̀ títí á fi tẹ́jú padà, wọ́n á fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Èkejì, ewé lè má dúró láàárín mọ́, kó máa jẹ ògiri ọ̀fun. Síkúrú kékeré méjì ló dè é mọ́ ṣáfítì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ni kẹ́ ẹ fún, torí tí ọ̀kan nínú síkúrú yẹn bá já bọ́, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ tààrà, owó tó máa jẹ yín nígbà yẹn, ẹ ò ní rántí kabúrétọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni kí ṣáfítì ti jẹ ihò ẹ̀. Ẹ di orí ẹ̀ mú, ẹ mì í sókè sísàlẹ̀. Tó bá ń mì gan-an tẹ́ ẹ fojú rí i, ihò ti fẹ̀. Ìyẹn gan-an náà, àwọn tó ní ẹ̀rọ léètì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lè gbẹ́ ihò yẹn, kí wọ́n fi búùṣì sí i. Ó dìgbà tí ara kabúrétọ̀ bá ti là tàbí ibi tí síkúrú ń dè ti jẹ tán kí n tó gbà pé kẹ́ ẹ ra òmíràn. Kódà tẹ́ ẹ bá máa rà á, tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn lójú mi ju ti inú páálí lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun yẹn, látinú páálí ni ṣáfítì wọn ti ń mì.

Ọ̀rọ̀ sípírìn kejì àti rọ́bà táyà yẹn ń dùn mí o. Èèyàn ní sípírìn méjì kò burú, tí ọ̀kan bá já èkejì á pa ewé dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo nǹkan tó ń há sàn. Tẹ́ ẹ bá kàn fi agbára kún un, pẹ́dà á wúwo, ohun tó ń há á sì wà níbẹ̀ tó ń pọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀, ọjọ́ tó bá ju agbára sípírìn méjèèjì lọ ó há nìyẹn, bó ṣe ṣe yín gan-an. Sípírìn tó le jù tún ń fa ṣáfítì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà gbogbo, ẹ̀gbẹ́ yẹn lá máa jẹ, ihò á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa wọlé. Rọ́bà táyà ní tirẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì á jẹ ẹ́, á rọ̀, á já. Ẹ ju ìyẹn nù.

Nǹkan kan wà tó máa ń tan mẹkáníìkì pàápàá jẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń réésì, kí wọ́n kọ́kọ́ wo apá yẹn: ṣé ó ti padà dé ibi tó ń dúró sí àbí kò tíì dé? Tó bá ti dé tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké, kò há o, ìṣòro míì nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń bá ibòmíì wọlé: gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kabúrétọ̀ ti ya, tàbí rọ́bà tó so mánífóòlù, páìpù tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, pọ̀ ti gbó, tàbí rọ́bà tín-ín-rín tó ń lọ sí disitiríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ti yọ. Tàbí kó jẹ́ ṣóòkù. Ìjàpá kan wà tó ní ṣóòkù tí ẹ ń fọwọ́ fà níwájú, tí kébù ìyẹn náà bá dípẹtà tí kò padà tán, sílóò á ga. Òmíràn wà tó ń ṣe é fúnra ẹ̀, nǹkan róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ tí wáyà iná kan wọ̀, tí wáyà yẹn bá ti já, ṣóòkù ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, á di sílóò mú sókè. Àmọ́ ti ṣóòkù máa ń hàn láàárọ̀, tiyín kì í ṣe é láàárọ̀, nítorí náà mi ò fura sí i púpọ̀. Kò sì sí sípírìn tó lè wo ìwọ̀nyí sàn, ẹ lè fi mẹ́wàá sí i.

Tí ẹ bá ti rí ibi tó há, tẹ́ ẹ ti tún un ṣe, bí wọ́n ṣe máa de kébù padà ṣe pàtàkì. Kí ọmọ yẹn tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó dì í mú síbẹ̀. Apá kabúrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán, kó ku nǹkan bíi mìlímítà 1 kó kan irin tó ń dá a dúró, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti de síkúrú. Tí wọ́n bá fà á le jù, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ẹsẹ̀ yín á máa fa ṣáfítì àti kébù ju bó ṣe yẹ lọ, kébù tuntun á sì já ṣáájú ọjọ́ ẹ̀. Ìgbà tí pẹ́dà bá wá wà lókè, kí kébù dẹ̀ díẹ̀, kó má di ewé mú sílẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò “tá” yẹn ṣe kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wà á nínú Ìpẹru, níbi tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀ nígbà mélòó kan kẹ́ ẹ tó forí lé Ṣágámù.

Bí wọ́n bá ti wà lẹ́yìn yẹn, kí wọ́n bá mi wo rọ́bà epo. Ti ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí sábà máa ń gbẹ, á sán, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, tó bá ní ìlà wẹ́wẹ́ lára, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tún mi páìpù ẹnu kabúrétọ̀ tí rọ́bà yẹn wọ̀, ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ihò ẹ̀. Epo tó bá kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná á gbiná, magnésíọ̀mù sì wà nínú irin ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, tí ìyẹn bá mú iná tán, omi ò lè pa á, ńṣe lá tún máa burú sí i. Ẹ ní fáyà ẹ́síńgúíṣà oníyẹ̀fun, iwájú lọ́dọ̀ yín ni kó wà, kì í ṣe lẹ́yìn níbi tí iná á ti dí yín lọ́nà.